Ẹ̀rọ Ìgékoríko Tó Ń Kú Lójú Iṣẹ́: Síkúrù Kábúrétọ̀ Kọ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn

Ẹ káàsán o. Ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ ara yín gé koríko àyíká ilé, mo kí yín kú ìjókòó. Ẹ kú ìfarabalẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìgékoríko olókùn, èyí tí à ń gbé kọ́ èjìká, tó ń lo ẹ́ńjìnnì tú-sítróòkù. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ń ṣe é tí kì í fi í jí, tàbí tó ń jí tó sì ń kú, tàbí tó ń kùn lásán tí kò lágbára.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ yìí bá ń ṣe ségesège, kí ni ọwọ́ yín kọ́kọ́ máa ń lọ bá? Ẹ má tijú. Mo ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn yẹn: síkúrù kábúrétọ̀! Ó dáa. Kábúrétọ̀ ni ẹ̀yà tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ tó gé koríko dáadáa lóṣù tó kọjá, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan síkúrù rẹ̀, ṣé síkúrù ọ̀hún ló dìde lóru tó yí ara rẹ̀ ni? Rárá o. Nǹkan mìíràn ló yí padà: epo ti pẹ́ jù, ihò kan ti dí, tàbí rọ́bà kan ti gan. Bí a bá wá ń yí síkúrù láti fi bo àléébù yẹn mọ́lẹ̀, àìsàn kan ti di méjì nìyẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ kan ni màá dúró lé lónìí: síkúrù kábúrétọ̀ ló gbẹ̀yìn. Ẹ ó rí i pé kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti jí.

Ohun tí ẹ́ńjìnnì yìí ń jẹ

Ẹ́ńjìnnì tú-sítróòkù ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí à ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Pístínì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú sìlíńdà, gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Ọ́ìlì tí a pò mọ́ epo ló ń fún gbogbo ara rẹ̀ ní ìyọ̀. Epo àti afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ ń wọ ikùn ẹ́ńjìnnì, nísàlẹ̀ pístínì, kí wọ́n tó gòkè lọ síbi tí iná ti ń ràn. Ikùn yẹn ń mí. Ó ń fà sínú, ó ń tì síta, ìmí yẹn náà ló sì ń mi awọ kékeré kan nínú kábúrétọ̀ tó ń fa epo wá láti inú táǹkì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ikùn tó bá ń jo afẹ́fẹ́ lè ṣe bí ẹni pé epo ló ń yọ ẹ̀rọ lẹ́nu.

Kí ló ń fẹ́? Epo tó dára. Afẹ́fẹ́ tó mọ́. Iná tó bọ́ sákòókò. Ìfúnpọ̀ nínú sìlíńdà, ìyẹn bí pístínì ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra kí iná tó ràn. Àti ọ̀nà tí èéfín máa gbà jáde. Ìkarùn-ún yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ

Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an. Ìgbà wo ló ń kú? Ẹ̀rọ tí kò jí rárá, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, ohun tó ń bu iná nínú sìlíńdà, lẹ́yìn tí ẹ ti fa okùn bí ìgbà mẹ́wàá. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá gbẹ, epo kò débẹ̀. Bó bá tutù rin, epo dé, iná ni kò ràn, tàbí epo ti pọ̀ jù. Ẹ rí i? Ẹ ò tíì tú nǹkan kan, ẹ ti mọ apá ibi tí ìṣòro wà.

Èyí tó ń jí tí ẹ bá fa ṣóòkù (ìdènà tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ̀rọ lè jí), tó sì ń kú bí ẹ bá ti dá a padà, epo ni kò kàn án tó, tàbí afẹ́fẹ́ ń gba ibi tí kò yẹ wọlé. Èyí tó ń dúró jẹ́ẹ́ lórí sìló, ìyẹn nígbà tó ń kùn láìsáré, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ ń há bí ẹ bá tẹ iná, ìyẹn bí ẹ bá tẹ ìtẹ̀ tó ń mú un sáré, ẹ ronú nípa èéfín tí kò rọ́nà jáde, tàbí fílítà afẹ́fẹ́. Èyí tó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó kú, tó sinmi díẹ̀, tó tún jí, ó lè jẹ́ pé táǹkì kò mí, ó sì lè jẹ́ pé kọ́ìlì tó ń pèsè iná fún púlọ́ọ̀gì ń ṣàìsàn nígbà tó bá gbóná. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Èyí tó bá ń sáré fúnra rẹ̀, tí ẹ ti fi ìtẹ̀ iná sílẹ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀! Ó ń fa afẹ́fẹ́ láti ibi tó ti là, ọ́ìlì tó ń kan pístínì sì ti kéré. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa lọ, pístínì á gan mọ́ sìlíńdà.

Epo: ibi tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń parí

Mélòó ni ọ́ìlì tí ẹ ń dà sí lítà kan? Ẹni tó bá ní "mo kàn ń da díẹ̀ sí i ni," kó gbọ́ dáadáa. Bí ìwé ẹ̀rọ bá ní 50:1, ìyẹn ìwọ̀n epo àádọ́ta sí ìwọ̀n ọ́ìlì kan, mílílítà 20 ló lọ sí lítà epo bẹntiróòlù kan, 100 ló lọ sí lítà márùn-ún. Bó bá ní 40:1, mílílítà 25 ni fún lítà kan. Bó bá ní 25:1, 40 ni. Ìwé ẹ̀rọ ló láṣẹ.

Àwọn kan rò pé bí ọ́ìlì bá pọ̀ sí i, ara ẹ́ńjìnnì á túbọ̀ dá. Irọ́ ni. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù á di èédú sẹ́nu púlọ́ọ̀gì àti sínú sàlẹ́ńsà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ihò kábúrétọ̀ kò tóbi sí i nítorí pé ọ́ìlì pọ̀, nítorí náà, bí ọ́ìlì bá gba àyè, bẹntiróòlù tó ń wọlé á dín kù. Bẹntiróòlù lásán tí kò ní ọ́ìlì ńkọ́? Ìyẹn lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ́ìlì mọ́tò kì í ṣe ti ẹ̀rọ yìí, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún tú-sítróòkù tí atẹ́gùn ń mú tutù ni kí ẹ lò. Ẹ da ìdajì bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ da gbogbo ọ́ìlì sí i, ẹ mì í, ẹ wá da ìyókù sí i, ẹ tún mì í. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú sínú táǹkì, ẹ mì í.

Ọjọ́ orí epo ńkọ́? Epo tí ẹ pò, ẹ má jẹ́ kó ju 30 ọjọ́ lọ, pàápàá tí ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, bá wà nínú bẹntiróòlù. Ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí omi bá ti pọ̀ tó, òun àti ẹ́tánọ́ọ̀lù á rì sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ gan-an ni fílítà epo sùn sí. Ẹ da epo inú táǹkì sínú ìgò funfun tó mọ́ kedere, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá rí ìlà tó pín in sí méjì, tàbí tó ń rùn bí fáníìṣì, ẹ ti mú olè. Epo tuntun ni oògùn rẹ̀. Ẹ má da ti àtijọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ o.

Ọ̀nà tí epo ń gbà

Ẹ fi wáyà tí ẹ tẹ̀ lẹ́nu fa fílítà epo jáde láti ẹnu táǹkì. Bó bá ti dúdú tàbí tó le, ẹ pa á rọ́pò. Kò sí ìdí láti máa fọ̀ ọ́. Ẹ fọwọ́ tẹ páìpù epo láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá ibi tó ti gba ara táǹkì kọjá, nítorí ibẹ̀ ló máa ń là, tí ojú kì í tètè rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ rọ́bà roboto tó ń fa epo. Bó bá rì sínú tí kò padà yọ, ọ̀nà ti dí. Bó bá ń padà ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ìfóòfó nìkan ló ń kún inú rẹ̀, páìpù ti là, afẹ́fẹ́ ló ń fà. Bí ẹnì kan bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páìpù, ẹ wò ó bóyá ó gbé méjèèjì síbi ara wọn: èyí tó ní fílítà lẹ́nu ló ń lọ sí kábúrétọ̀, ìkejì ló ń dá epo padà láti rọ́bà sínú táǹkì. Bí wọ́n bá ti ṣi ara wọn lọ, ẹ lè tẹ rọ́bà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ibi kékeré kan wà tí táǹkì ń gbà mí, nígbà míì lára ìdérí, nígbà míì lára páìpù kúkúrú kan tí rọ́bà ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá dí, epo ń jáde, afẹ́fẹ́ kò rọ́nà wọlé dípò rẹ̀, táǹkì á máa fa epo padà. Báwo la ṣe ń mọ̀? Nígbà tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ tú ìdérí epo díẹ̀, kì í ṣe pátápátá, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ dúró kí epo má dà sára sàlẹ́ńsà tó gbóná. Bó bá sọ jí lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni. Ìdérí lásán ló ń dààmú ẹni tó ti fẹ́ ra kábúrétọ̀ tuntun.

Iná

Púlọ́ọ̀gì máa ń rojọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀ bí àwọ̀ ewé gbígbẹ, ara dá. Bó bá dúdú tó sì tutù, epo tàbí ọ́ìlì pọ̀ jù, tàbí afẹ́fẹ́ kéré. Bó bá funfun fọ́ọ́, epo kéré, ẹ má tún gé ewé kan kí ẹ tó mọ ìdí. Àlàfo ẹnu rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mílímítà 0.6 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn; ẹ wò ó nínú ìwé ẹ̀rọ.

Láti mọ̀ bóyá iná ń bù, ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú fìlà wáyà rẹ̀, ẹ fi irin ara rẹ̀ kan irin sìlíńdà, kó jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́ nítorí epo tó ń fẹ́ jáde níbẹ̀, kí ẹ sì fa okùn. Iná aláwọ̀ búlúù la fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ tán. Púlọ́ọ̀gì tó ti gbó lè bu iná níta, kó kọ̀ nínú sìlíńdà níbi tí ìfúnpọ̀ wà. Ẹ fi tuntun dán an wò ná.

Bí iná kò bá sí rárá, ẹ yọ wáyà tó wá láti ìtẹ̀ tí a fi ń pa ẹ̀rọ kúrò lára kọ́ìlì. Bí iná bá dé, wáyà yẹn ló ń kan irin níbì kan. Bí kò bá dé, ẹ wo àlàfo láàárín kọ́ìlì àti máágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí: nǹkan bíi mílímítà 0.3, bí ìnípọn káàdì ìdánimọ̀ oníbébà. Ẹ fi káàdì náà sáàárín, ẹ jẹ́ kí máágínẹ́ẹ̀tì fa kọ́ìlì mọ́ra, ẹ de síkúrù, ẹ fa káàdì yọ. Ó parí.

Ẹ̀rọ tí epo ti kún inú rẹ̀ jù ńkọ́? Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ nù ún gbẹ, ẹ dá ṣóòkù padà, ẹ tẹ iná dé òpin, ẹ fa okùn ní ìgbà mẹ́wàá kí epo tú jáde, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, ẹ fà á láìlo ṣóòkù.

Èéfín tí kò rọ́nà jáde

Mo ní màá padà síbí. Nínú ọ̀pọ̀ sàlẹ́ńsà, àwọ̀n irin kékeré kan wà lẹ́nu ibi tí èéfín ń gbà jáde, tó ń dí ẹ̀yinná lọ́nà kó má baà jó koríko gbígbẹ. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń jẹ́ kó máa kùn lórí sìló fún ìgbà pípẹ́, á fi èédú dí ojú àwọ̀n yẹn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ á jí kíá. Á dúró dáadáa. Ẹ tẹ iná, á sọ pé "bùùù," kò ní gòkè. Gbogbo èèyàn á ní kábúrétọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ imú rẹ̀ ló dí!

Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ tú síkúrù kan tàbí méjì, ẹ fa àwọ̀n náà yọ. Bí ẹ bá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí ìmọ́lẹ̀ já, ẹjọ́ ti parí. Ẹ dì í mú pẹ̀lú píláyà, ẹ fi iná gáàsì jó o títí á fi pọ́n, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbọn eérú kúrò, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ibi tí koríko gbígbẹ wà, iná lè ti ibẹ̀ ràn.

Bí ẹ bá ti tú sàlẹ́ńsà pátápátá, ẹ wo ihò sìlíńdà náà. Ẹ rọra fa okùn títí pístínì á fi bo ihò, ẹ fi igi pẹlẹbẹ ha èédú kúrò, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹ sì wo ara pístínì níbẹ̀: ó yẹ kó dán. Bí ẹ bá rí ìlà gbọọrọ bí ẹni pé ẹnì kan fi ìṣó fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, epo tí kò ní ọ́ìlì tàbí afẹ́fẹ́ tó ń jò ti bà á jẹ́.

Fílítà afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tí ó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ẹ fún un. Tí kì í bá ṣe fóòmù, ẹ gbọ̀n ọ́n tàbí kí ẹ pa á rọ́pò.

Nígbà tó bá di dandan ká tú kábúrétọ̀

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, ẹ ti ṣe é, kò yí padà. Ó wá kan kábúrétọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó tú u. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, síkúrù kan ló de ojú kan, mẹ́rin ló de ojú kejì. Lábẹ́ síkúrù kan, ẹ ó rí awọ tó ń fa epo, àti àwọ̀n kékeré kan tí ìdọ̀tí máa ń há sí. Lábẹ́ mẹ́rin, ẹ ó rí awọ kejì tó ní bọ́tìnnì láàárín, àti irin kékeré tó ń ṣí abẹ́rẹ́ epo, tí sípíríìnì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fọwọ́ lé sípíríìnì yẹn, nítorí bó bá fò lọ, ilẹ̀ ni ẹ ó máa wá títí.

Ẹ mú awọ náà sáàárín ìka méjì. Ó yẹ kó rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọ̀rá. Bó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé gbígbẹ, tàbí tó ti ká sókè tí kò padà, kò lè mí mọ́, epo kò sì lè débẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ ra àpò ohun àtúnṣe tó bá kábúrétọ̀ náà mu; àwọn awọ, gásíkẹ́ẹ̀tì (ìtẹ́ tín-ín-rín tó ń dí àlàfo kó má baà jò) àti abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo rọ́bà kúrò kí ẹ tó fín oògùn ìfọkábúrétọ̀ sí àwọn ihò, ẹ sì bo ojú yín. Ẹ má fi wáyà gún ihò kankan! Ihò tí ẹ bá fẹ̀ kò ní í kéré mọ́.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn ló máa ń da àwọn ọmọ iṣẹ́ láàmú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, lápá ibi tí síkúrù mẹ́rin wà, gásíkẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ kan ara kábúrétọ̀, awọ tẹ̀lé e. Lápá kejì, awọ ló kọ́kọ́ kan ara kábúrétọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá gbé e sódì, ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ á kú pátápátá, a ó sì máa bú ẹni tó tà á fún wa.

Síkúrù tí ẹ ti ń dúró dè

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó yọ síkúrù kankan, ẹ rọra dè é títí á fi fara kan ìdí, ẹ ka iye ìyípo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fún un mọ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á já ihò. Síkúrù tí wọ́n kọ L sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti sìló, H ni ti ìgbà tí ẹ bá tẹ iná dópin, T ló ń di ìdúró sìló mú. Bí ìwé bá ti sọnù, ìyípo kan sí ìyípo kan àbọ̀ fún L àti H ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń jí. Sí apá ọ̀tún, epo ń kéré. Sí apá òsì, epo ń pọ̀ sí i. Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, fìlà kékeré wà lórí wọn tí kò jẹ́ kí wọ́n yí ju díẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ yí L títí sìló á fi ga jù lọ, kí ẹ wá ṣí i ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Bó bá ń há nígbà tí ẹ tẹ iná lójijì, ẹ tún ṣí i díẹ̀. Ẹ fi T sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí orí tó mú okùn kò ní yí mọ́, nǹkan bíi 2,700 sí 3,000 ìyípo ní ìṣẹ́jú kan. Bí orí bá ṣì ń yí lórí sìló tó lọ sílẹ̀, sípíríìnì kọ́lọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ orí okùn, ló já, kì í ṣe kábúrétọ̀.

H ló léwu jù. Ẹ́ńjìnnì tí ohùn rẹ̀ dùn ún gbọ́, tó ga fíofío bí ìgbà tí wọ́n ń fọn fèrè, ebi epo ló ń pa á. Ẹ tẹ iná dópin láìgé koríko. A fẹ́ gbọ́ ohùn tó ń kọ́ díẹ̀, bùrùbùrù. Nígbà tí okùn bá wọ inú koríko, ohùn náà á wá mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ de H ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Ẹ má yọ ohùn yẹn pátá.

Ìfúnpọ̀

Ẹ di ìmú okùn ìjí mú, ẹ gbé ẹ̀rọ sókè, kó rọ̀ lórí okùn náà. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdádúró, ó ṣì lágbára. Bó bá bọ́ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò sí ìfúnpọ̀. Èyí tó ní ohun èlò ìwọ̀n, kó yọ púlọ́ọ̀gì, kó tẹ iná dópin, kó fa okùn ní ìgbà mẹ́fà. Bó bá ju 120 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpọ̀) lọ, ara le. Bí kò bá tó 90, ẹ má fi owó kábúrétọ̀ ṣòfò, pístínì àti òrùka rẹ̀ ni ẹjọ́.

Ó ku ohun kan tí kò sí nínú ẹ́ńjìnnì rárá. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lára ìbòrí tó ń dá okùn mọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ kí okùn lè gùn. Okùn tó gùn jù, tàbí tó nípọn ju èyí tí ìwé ẹ̀rọ sọ, á wúwo fún ẹ́ńjìnnì, á dín ìyípo rẹ̀ kù, atẹ́gùn tó ń mú un tutù á sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta wà lórí tábìlì yẹn tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ wá síwájú. Ọ̀kan nínú wọn kò ní ìbòrí. Ẹ má tíì mú sípánà. Ẹ kọ́kọ́ tú ìdérí epo, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.